Ọ̀gá, Ẹ Dìde Lórí Àga Yẹn

Orí àkàbà ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi eyín bó o bí ẹni ń bó ìrèké, oòrùn sì gba ojú fèrèsé wọlé, ó dà sí i léjìká bí òróró. Ọkàn mi sọ kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Mo ní, ó parí, wọ́n ti mú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

Ó yọ wáyà lẹ́nu. "Ṣé ìwọ ni Oníkámẹ́rà tí wọ́n ń sọ? Mo rò pé àgbàlagbà ni."

"Ṣé mo wá jọ àgbàlagbà ni?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò mí láti ẹsẹ̀ padà sí orí, ni àkàbà bá yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ògiri ló sáré dì mú. "Rárá o," ó ní. "Ká ní o jọ àgbàlagbà ni, àkàbà yìí ò ní yẹ̀."

Oníná ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Inú Ilé Tẹlifóònù àtijọ́ la ti pàdé, ilé alájà méjì tó wà ní ìkóríta, tí ìgbìmọ̀ ìlú ń tún ṣe kí wọ́n lè sọ ọ́ di ilé ìpàtẹ ìtàn. Òun ló ń fa iná sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe fídíò tí yóò máa tàn lára ògiri yàrá ńlá, kí àwọn tó bá wá wòran lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí odò ya wọ ìlú.

Kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò mọ ìtàn náà. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni, gbogbo ìlú ti jẹun yó, wọ́n ń sùn. Odò já ìdènà lókè. Ọ̀gá Ilé Tẹlifóònù nìkan ló wà nídìí iṣẹ́. Ó jókòó síwájú pátákó oníhò tí wọ́n fi ń so ipè pọ̀, ó ń pe ilé dé ilé pé kí wọ́n sá, bẹ́ẹ̀ ni omi ń gun òun fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí ẹyọ ènìyàn kan tó bá omi lọ. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà: Ọ̀gá lórí àga, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ipè bo etí rẹ̀, omi bo bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko bí ojú ẹni tó ń gba ìlú là. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: AKỌNI WA.

Ìtàn tó dùn ni. Ìyá Àgbà mi ni kì í jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ilé Tẹlifóònù ni Ìyá Àgbà nígbà èwe rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọ̀gá níwájú rẹ̀, á pòṣé débi pé ológbò á sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tó wà nílé tó ń hanrun? Lẹ́yìn tí omi ti fà tán ló dé, òun àti onífọ́tò. Ó ní ká bu omi sílẹ̀. Èmi ni mo gbé garawa, ọmọ mi! Èmi ni mo da omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn! Ẹ̀rọ etí mi ló sì gbé sórí, kò tiẹ̀ tọrọ ẹ̀."

Àwọn aládùúgbò á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní Ìyá Tẹlifóònù tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní arán ló ń ṣe. Nínú àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn méjì péré ló kù láyé. Ìyá Àgbà ni ọ̀kan. Èkejì ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arẹwà. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jókòó sí lẹ́nu iṣẹ́, inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun, bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì ló ń bu omi. Àmọ́ Arẹwà kò sọ ohunkóhun rí nípa ọjọ́ yẹn. Báwo ni yóò ṣe sọ? Ó fẹ́ Ọ̀gá. Láti ìgbà ìgbéyàwó náà ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti kẹ̀yìn sí ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lójú pópó, èkejì á yà sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ti fẹ́ ra nǹkan kan.

Ohun tó sì wá ń lé Ìyá Àgbà léré ni ojú rẹ̀. Ó ti ń ṣú. Dókítà ti sọ pé kò ní pẹ́ mọ́ tí yóò fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ lásán ni yóò máa rí.

"Ṣe fídíò yẹn kíá," ó ní, ó di ọwọ́ mi mú. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ara mi lára ògiri yẹn, kí n tó di ẹni tí wọ́n ń ròyìn ayé fún."

Mo ṣèlérí. Ta ni kò ní ṣèlérí?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìfẹ́ fojú mi rí. Èmi àti Oníná ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò mí nígbà tí òjò ká wa mọ́ ìta, mi ò sì dá a padà. Mo ń gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Ìgbà tí mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀ tán ni mo tó bi í léèrè pé kí ló dé tó fi máa ń nu fọ́tò ẹnu ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́.

"Bàbá mi àgbà ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi. O ò gbọ́ orúkọ wọn rí? Arẹwà."

Búrẹ́dì há mi lọ́fun. Nínú gbogbo ọkùnrin tó ń gun àkàbà láyé yìí!

Ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí bẹ́ẹ̀. Mo wúkọ́, mi ò sì sọ ẹni tí ìyá mi àgbà jẹ́ fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan jọ, aránṣọ kan, nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan àti ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kí wọ́n jókòó síwájú pátákó oníhò náà bí àwọn ìyá wa ti jókòó. Ìyá Àgbà ló ń kọ́ wọn.

"Ẹ̀yìn gbọọrọ! Ohùn ẹni tó bá tẹ̀ kodoro kì í dé ibi tó ń lọ. Ìwọ aránṣọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìyẹn, wáyà ni; tì í wọlé bí ẹni tí kò bẹ̀rù!"

Ó kọ́ wọn ní òfin ilé náà. Àga kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dìde lórí àga rẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti wù kó parí tó, àfi tí ẹlòmíràn bá wá fọwọ́ kàn án léjìká, tó ní, "Ó ti di tèmi." Bí ọ̀rọ̀ bá sì le, méjì-méjì ni wọ́n ń pín ìlú. Bí ọ̀kan bá pe apá tirẹ̀ tán, á ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé ó kù tìrẹ, ẹni yẹn á sì dáhùn kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ta ni yóò ṣe Arẹwà?" ni mo bi í. Olùkọ́ ti ń fa àga bọ̀.

Ìyá Àgbà na ọ̀pá sí i. "Má jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé."

"Àbí ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́?"

"Mo ní mi ò bá a ṣọ̀rẹ́. Mi ò ní kò sí níbẹ̀."

Bí àga yẹn ṣe ṣófo nínú fídíò mi nìyẹn. Mo gba ojú àti ohùn Ìyá Àgbà sílẹ̀ bó ṣe ń tún ipè ọjọ́ náà pè; níbi tó ti ké sí Arẹwà, mi ò fi ohùn ẹnikẹ́ni dáhùn. Mo jẹ́ kó dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Ìyókù, kọ̀ǹpútà mi ló ṣe é. Mo mú fọ́tò Ọ̀gá, mo fún un lẹ́mìí. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yọ ẹ̀rọ etí, ó gbé e kọ́ síbi tó yẹ. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbọn omi kúrò lára bàtà rẹ̀, ó sì rìn jáde nínú fọ́tò bí ẹni tó jókòó sáàyè àgbàlagbà nínú mọ́tò, tí ojú wá tì í. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò bú u. Mi ò pa á rẹ́. Mo kàn ní kó dìde fún wọn ni.

Alága ìgbìmọ̀ wá wò ó kí ọjọ́ ìṣílé tó pé. Alága ní ikùn, ó ní kóòtù, ó sì ní ohùn tó máa ń ṣe bí ẹni wà lórí pèpéle kódà bó bá ń béèrè omi mímu. Oníná ló tan ẹ̀rọ tó ń gbé fídíò sára ògiri fún un. Bí Ọ̀gá ṣe dìde lára ògiri báyìí, Alága náà dìde.

"Kí ni mo ń wò yìí?"

"Fídíò ni, sà."

"Ìtàn la ní kí o ṣe. Ìwọ lọ lá àlá."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́, sà."

"Ìyá rẹ àgbà nìkan! Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Gbọ́, yọ ohùn ìyá rẹ kúrò, fi ohùn ọkùnrin kan sí i kó ròyìn Ọ̀gá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ ìṣílé, ẹ̀rọ yìí ò ní tàn. Àbí, Oníná?"

Oníná ń wo ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti dìde.

Orí àtẹ̀gùn wa níbi tá a ti ń jẹun la ti jà.

"O jẹ oúnjẹ mi," ó ní, "o wọ jákẹ́ẹ̀tì mi, o sì ń lọ lé bàbá mi àgbà kúrò lórí àga."

"Mi ò lé wọn. Mo ní kí wọ́n dìde fún ẹni tó ni ín ni."

"Ta ló sọ pé òun ló ni ín?"

"Lọ bi ìyá rẹ àgbà."

"Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti bi wọ́n rí?"

Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀yìn tó dára bẹ́ẹ̀! Omijé tí mo sun lọ́jọ́ yẹn, bí mi ò bá ṣọ́ra, ì bá tún ya wọ àdúgbò ìsàlẹ̀.

Mo délé, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo ti fi ìka lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohùn ó pa rẹ́. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ohùn lásán ni. Ojú Ìyá Àgbà á ṣì wà lára ògiri, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Ọkùnrin mi á padà wá.

Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀pà lórí ìjókòó rẹ̀. Kò rí mi dáadáa, àmọ́ ó gbọ́ bí mo ṣe ń fa imú. "Ọkùnrin ni?"

"Ọmọ-ọmọ Arẹwà ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi ṣubú. "Orí burúkú yìí ti mọ ilé wa! Ṣé ó rẹwà?"

"Ó rẹwà, mà."

"Ti ìdílé wọn nìyẹn." Ó tún mú ẹ̀pà mìíràn. "Ọmọ mi, ìfẹ́ tó bá ní kí o pa ìyá rẹ lẹ́nu mọ́ kí òun tó wọlé, jẹ́ kó dúró síta kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfẹ́ ni, á nù ún."

Mo gbé ìka mi kúrò.

Ọjọ́ ìṣílé dé. Ọ̀sán ni, yàrá ńlá kún fọ́fọ́, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí. Mo ti gbé àga àtijọ́ kan síwájú ògiri níbi tí fídíò yóò ti tàn, mo gbé ẹ̀rọ etí lé e. Ìyá Àgbà wà níwájú pátápátá, ó ti nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Alága ń sọ̀rọ̀ nípa akọni wa, akọni wa. Ògiri funfun báláú, ẹ̀rọ kò tàn. Mo wá Oníná títí, mi ò rí i.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?" ni Ìyá Àgbà ń bi mí. "Àbí ojú mi ló ti lọ pátápátá?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Oníná wọlé. Ìyá arúgbó gíga kan di apá rẹ̀ mú, ó kun ètè, ó gbé orí sókè bí ẹni ń gbé adé. Ká má parọ́, ó ṣì rẹwà.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa!" Alága ti ń sáré bọ̀. "Opó akọni wa! Ẹ máa bọ̀ níwájú, mà."

"Fídíò ni mo wá wò," ni Màmá Arẹwà wí.

"Mà, fídíò yẹn, a ti pinnu pé—"

"Ọmọ mi ní àga mi ṣófo nínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tó bá mi pa á mọ́ láti ọjọ́ yìí."

Oníná ti dé ìdí ẹ̀rọ. Alága nà án níka. "Oníná! Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Iná ni ẹ gbà mí pé kí n tàn. Ohun tí iná bá fi hàn, ẹjọ́ tèmi kọ́."

Ó tàn án.

Ọ̀gá fara hàn lára ògiri, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó dìde tó ń gbọn bàtà, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo yàrá bá dà á bolẹ̀. Àwọn obìnrin wọlé, wọ́n jókòó, ẹ̀yìn wọn gbọọrọ, ọwọ́ wọn ń fò láàárín wáyà bí ẹyẹ. Àárín wọn ni àga kan ti ṣófo. Ojú Ìyá Àgbà kún ògiri, ohùn rẹ̀ sì jáde:

"Ẹ jí o! Omi ń bọ̀. Ẹ gbé ọmọ, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, òkè ni kí ẹ kọrí sí." Ó pe ilé kan tẹ̀ lé òmíràn títí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo ti pe òkè afárá tán. Arẹwà, ó kù tìrẹ."

Ó dé ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn.

Mo gbọ́ tí ọ̀pá kan gbá ilẹ̀. Màmá Arẹwà ti kúrò lápá Oníná. Ó rìn dé ìdí àga àtijọ́ náà, ó jókòó, ó gbé ẹ̀rọ etí sórí irun funfun rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ na gbọọrọ. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn arúgbó kọ́, ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni.

"Mo gbọ́. Ìsàlẹ̀ odò, èmi nìyí. Ilé alágbẹ̀dẹ, ẹ jí, omi ń bọ̀! Ilé onídìrí, ẹ gbé ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ má wá bàtà. Ilé oníwóróbo, ẹ̀yin ọmọ, ẹ di ọwọ́ ara yín mú, ẹ má sunkún, ẹ máa sáré..."

Ó ń pè wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, títí bàbá kan fi dìde láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí.

"Onídìrí! Ìyá mi nìyẹn! Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé ohùn obìnrin ló jí àwọn. A ní arán ni wọ́n ń ṣe!"

"Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀!" ni ẹlòmíràn wí. Yàrá bá di ariwo.

Alága gbìyànjú. "Ṣùgbọ́n mà, Ọ̀gá ńkọ́? Níbo ni Ọ̀gá wà?"

Màmá Arẹwà yí ojú sí i. "Ènìyàn dáadáa lọkọ mi. Ó kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ń sùn nílé. Èmi ni mo pè é, èmi ni mo jí òun náà!"

Ẹ̀rín tó sọ, mo rò pé òrùlé á ká. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ó rọlẹ̀.

"Ìgbà tí mo fi délé ọkọ, ìtàn yẹn ti wà nínú ìwé àwọn ọmọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi di òpùrọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi di ẹni tí kò sí níbẹ̀. Mo ti jẹ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ tó. Èmi ni mo pe ìsàlẹ̀ odò. Obìnrin tó wà lára ògiri yìí ló pe òkè afárá. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà bí ẹ ṣe kọ tìyẹn."

Pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú bí òjò. Alága wò yí ká, ó rí i pé òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà ti dìde. Mo fẹ́ mú un lọ́wọ́, ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ẹ̀yìn àga náà, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká.

"Ó ti di tèmi," ó ní. "Dìde, kí o lọ sinmi."

Màmá Arẹwà kò bojú wẹ̀yìn. "Ìyá Tẹlifóònù, ìwọ ò mọ àsìkò rí. Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń retí ẹni tó máa wá gbà mí lórí àga yìí!"

"Ṣọ́ọ̀bù tí o máa ń yà sí ni mo ń wá ọ kiri."

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, ẹ̀rọ etí há sí àárín àwọn méjèèjì.

Ní tèmi, mo gbé kámẹ́rà léjìká, mo ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, omijé kò jẹ́ kí n ríran. Ọwọ́ kan bà mí léjìká kejì. Mi ò ní láti wẹ̀yìn. Òórùn tó wà lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nílé mi ni.

"Mo bi wọ́n," ni Oníná sọ sí mi létí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò dá mi lóhùn. Lónìí, wọ́n kun ètè, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ." Ó rọra gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. "Ó ti di tèmi. Lọ bá ìyá rẹ."

Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún un.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Ó ti jókòó lórí àga náà, ó gbé ojú sókè sí ògiri, sí ojú ara rẹ̀ tó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó bọ́ gíláàsì, ó tún fi í sójú.

"Èmi ni mo tóbi tó yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní. Ó fa aṣọ rẹ̀ gún, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́. "Ọmọ Arẹwà! Tún un tàn."